Ta Ni Yóò Gbé Ọmọ Pọ̀n Mí?

Ẹ má bi mí bóyá ó dùn mí. Wọ́n la èjìká ọ̀tún mi ní Ìbàdàn, wọ́n yọ eegun tó ti rún kúrò, wọ́n fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀, èèyàn sì tún dúró níwájú mi pé, "Màmá, ṣé ó dùn yín?" Rárá o, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni!

Ọ̀kadà ló kó mi sí i. Mò ń bọ̀ láti Akínmọ̀rìn, níbi tí mo ti lọ wo ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ rà láti fi ṣe gàrí. Ajá kan já sí títì, ọlọ́kadà yà fún ajá, kò rántí pé òun gbé èèyàn sẹ́yìn. Ajá ò fara pa. Èjìká ọ̀tún ni mo fi balẹ̀. Dókítà wo fọ́tò eegun, ó ní orí eegun apá mi ti fọ́ sí mẹ́rin, pé ní ọjọ́ orí mi kò lè so pọ̀ mọ́. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún. Uthman, ọkọ ọmọ mi, ló sọ fún wọn pé èyí tó bá dára jù ni kí wọ́n ṣe. Ọmọ dáadáa ni Uthman. Ìyá tó bí i ni mi ò tíì gbà fún.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Màrdíyyàh. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, gbogbo Fìdítì ló ṣàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mọ ẹní. Ẹ̀yìn ìyàwó mọ ẹní fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Nígbà tí mo máa fi ṣubú yìí, oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí dókítà ti ń ṣàlàyé irin, tó ń ṣàlàyé ike, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: "Ṣé màá lè pọn ọmọ?"

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún apá ṣe ná."

Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ló sọ. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni mo gbọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ọmọ ẹni obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ló ń lọ wẹ ọmọ. Èmi ni màá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ ọmọ náà lára, èmi ni màá fi òrí pa á, èmi ni màá gbé e pọ̀n kí ìyá rẹ̀ lè rí oorun sùn. Láti ọdún mẹ́fà tí Ṣùkúrù ọkọ mi ti kú, inú ilé oníyàrá mẹ́rin ni èmi nìkan ń gbé. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, pálọ̀ ló ń dá mi lóhùn. Ọmọ yẹn ni mò ń dúró dè. Mi ò ní nǹkan mìíràn tí mò ń dúró dè láyé.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n fà mí lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́. Dorothy lorúkọ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní físíò, àwọn tó ń kọ́ ara aláìsàn bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ padà. Ọmọ kékeré, ojú líle. Ó gbé eegun oníke kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni.

"Màmá, ẹ ti gún iyán rí?"

Mo ní, "Ìwọ ló yẹ kí n bi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èjìká tí Ọlọ́run dá, bí odó àti ọmọ odó ló rí: ihò wà lára eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká, orí róbótó wà lórí eegun apá. Èyí tí wọ́n ṣe fún mi, wọ́n yí i padà ni. Orí róbótó ni wọ́n kàn mọ́ eegun pẹlẹbẹ yẹn, ihò ni wọ́n fi sórí eegun apá, nítorí pé àwọn iṣan tó ń gbé apá sókè tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́.

"Eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká yín yìí," ó fi ìka kàn án, "iṣẹ́ tirẹ̀ ti pọ̀ sí i báyìí. Tẹ́lẹ̀, apá ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, òun kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ní báyìí, tí òun ò bá rìn dáadáa, apá ò lè gòkè dáadáa. Ẹ jẹ́ kó máa yọ́ yípo lọ sápá abíyá. Kó má máa sáré lọ bá etí."

Mo gbé apá. Eegun náà sáré lọ bá etí.

"Ẹ rí i? Ẹ ò sì lè rí ẹ̀yìn ara yín. Ẹnì kan ní láti máa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láràárọ̀ bí ẹ bá ń gbé apá, kó máa sọ fún yín bó ṣe ń rìn. Ta ló wà pẹ̀lú yín nílé?"

Mo ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀."

Irọ́ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Sókótó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Kí n jókòó níwájú ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀, kí n ní nínú gbogbo ayé yìí mi ò ní àtẹ́lẹwọ́ kan tí yóò kàn mí lẹ́yìn? Ojú tì mí. Mo parọ́ náà, mo sì fi ìgbéraga jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ó wá ka òfin fún mi. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ò gbọdọ̀ lọ sẹ́yìn. N ò gbọdọ̀ fi yún ẹ̀yìn, n ò gbọdọ̀ fi ti ara mi dìde lórí àga.

Mo ní, "Ọmọ ńkọ́?"

"Tó bá yá, ẹ lè gbé e sáyà. Pípọ̀n, rárá, Màmá. Bí ọwọ́ ṣe ń lọ sẹ́yìn yẹn gan-an ni èjìká yìí fi máa ń yẹ̀."

Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, kí nìwọ mọ̀, ìwọ tí o ò tíì pọ̀n ju báàgì lọ?

Bí mo ṣe dé ilé, ògiri ni mo fi ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n. Láràárọ̀, tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, màá fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀, màá rọra gbé apá, màá sì máa fetí sí ẹ̀yìn mi bí eegun pẹlẹbẹ náà ṣe ń yọ́ lára sìmẹ́ǹtì. Bó bá fẹ́ sáré lọ bá etí, ògiri á họ mí lára, màá mọ̀ pé mo ti ṣe é sódì. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀. Màá ní, "Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?" Kò ní fèsì. Màá ní, "Olórí kunkun." Bí a ṣe ń gbé nìyẹn, èmi àti ògiri.

Àmọ́ ó ṣiṣẹ́ o. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ọwọ́ mi dé orí. Mo lè wé gèlè mi fúnra mi. Mo lè fi ọwọ́ ọ̀tún bu oúnjẹ fún àlejò láìsí pé mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má bínú sí ọwọ́ òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ò wọ́pọ̀. Dorothy gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ní kí n gbé apá, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín o, ó ṣe iṣẹ́ gidi." Mo ní yóò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ìyá Uthman pè mí láti Ìlọrá.

Ó ní, "Ìyá Màrdíyyàh, ẹ kú ìnira o. Ẹ má da ara yín láàmú nípa ọmọ tó ń bọ̀ yìí. Pẹ̀lú apá yín yẹn, ẹ jẹ́ kí èmi lọ wẹ̀ ẹ́."

Ara mi gbóná. Ìyá yìí ò ní jẹ́ kéèyàn jẹun tán kó tó palẹ̀ abọ́ mọ́! Mo ní, "Apá wo? Ta ló sọ fún yín pé nǹkan kan ṣe mí ní apá? Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà, mo lè wẹ ọmọ ọmọ mi."

Ó ní, "Ẹ má bínú. Mo kàn rò pé..."

Mo ti pa fóònù.

Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dé ilé Màrdíyyàh àti ọkọ rẹ̀ ní Èkó tí mo wẹ ọmọ tán, wọ́n á gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n pọ̀n ọ́n, gbogbo ojú á sì wà lára mi. Ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ dán an wò. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo wọn gàrí kóńgò méjì sínú ọ̀rá, nítorí ọmọ tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi àńkárá wé e. Kódà mo fi nǹkan ṣe orí fún un. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo gbọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì gbé gàrí kọjá èjìká sórí ẹ̀yìn. Ó jókòó. Ayọ̀ tó wọ inú mi, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí mọ ohun tó kù: ọwọ́ kejì ní láti lọ sẹ́yìn lọ dì í mú kó tó di pé a fa ọ̀já yí i ká. Ọwọ́ mi kì í ṣe ọmọdé, ó ti ṣe é láìmọye ìgbà nígbà tí Màrdíyyàh wà ní kékeré. Ó lọ fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ "gbọ̀!" nínú ara mi, bí ìgbà tí ìdérí ìkòkò bá já bọ́. Gàrí dà sílẹ̀, èmi náà wó lé e.

Tíṣà Ezekiel tó ń gbé ilé kejì, ọmọ ìjọ Baptist, ló gbọ́ igbe mi. Òun ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi dé Ìbàdàn. Lójú ọ̀nà ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń wọn gàrí.

Wọ́n fi oògùn mú mi sùn, wọ́n dá èjìká padà sípò rẹ̀. Nígbà tí mo lajú, Dorothy ló jókòó tì mí. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Màmá, níbo ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wà nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Sókótó."

"Látìgbà wo?"

"Látọdún méje."

Ó fa àga sún mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé eegun pẹlẹbẹ mi, kò ní kí n gbé apá, kò ní kí n ṣe nǹkan kan. Ó kàn fi síbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Apá kọ́ ló ń dùn mí.

Mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn nígbà tí Màrdíyyàh bímọ. Obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Fatihah. Inú fóònù ni mo ti wo ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ mi, fóònù tí ń dá dúró lóòrèkóòrè. Gbogbo ìgbà tí àwòrán bá dá dúró, ọwọ́ Ìyá Uthman ni ọmọ máa ń wà. Mo ní, "Ẹ kú ewu ọmọ." Mo ní, "Àlùbáríkà Ọlọ́run á bá a gbé." Mo pa fóònù, mo kọjú sí ògiri ọsibítù.

Oṣù márùn-ún ni mi ò fi fojú kan ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi gbé apá kọ́ mi lọ́rùn, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè, wọ́n ń ní kí n mú sùúrù. Sùúrù! Ẹni tó ń dá jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ló tún kù tó ń mú ju sùúrù lọ?

Wọ́n wá ṣe Iléyá ní Ìlọrá. Ní ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ṣe ń padà sí Èkó, wọ́n yà sọ́dọ̀ mi: Uthman tó ń wa mọ́tò, Màrdíyyàh, ìyá ọkọ rẹ̀, àti Fatihah. Màrdíyyàh gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà wò mí bí ẹni ń wo agbowó-orí. Ó ní iwájú orí Ṣùkúrù. 

Ìyá Uthman ń wò mí. Ó ní, "Ẹ ò ní pọ̀n ọ́n ni?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ lọ sẹ́yìn."

"Ta ní kó lọ sẹ́yìn? Ẹ dìde, ẹ bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó gbé Fatihah, ó tẹ́ ẹ sí mi lẹ́yìn, ó fi ìró wé e, ó fa ọ̀já gba abẹ́ apá mi méjèèjì, ó wá sí iwájú mi, ó sì so ó lórí àyà mi. Ó parí. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Látìgbà tí mo ti ṣubú, tí mò ń bá ògiri jà, tí mò ń gbé gàrí pọ̀n, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹlòmíràn lè gbé ọmọ pọ̀n mí. Nǹkan tí gbogbo obìnrin ń ṣe fún ara wọn! Béèyàn bá dá gbé títí, kì í rántí mọ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn wà láyé.

Fatihah figbe ta. Kò mọ òórùn mi. Màrdíyyàh fẹ́ wá tú u, mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì gbá a nídìí, kò gbọ́. Ni mo bá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, kí n lè rí nǹkan ṣe fún un. Eegun pẹlẹbẹ yẹn ń yọ́ lọ, ó ń yọ́ bọ̀, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà gan-an. Igbe rẹ̀ rọlẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé orí lé e, ó sùn.

 Màrdíyyàh ń fi etí ìborùn nu ojú.

Ìyá Uthman ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Ìyá Màrdíyyàh, ẹ ò ṣe bá wa lọ? Màrdíyyàh fẹ́ padà síbi iṣẹ́. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè dúró pọn ọmọ mọ́. Èmi á máa gbé e pọ̀n yín, ẹ̀yin á máa pọ̀n ọ́n."

Mo ní, "Rárá o. Ta ni màá fi ilé sílẹ̀ fún? Mi ò lè wá di ẹrù sí yín lọ́rùn."

Ẹ dákun, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí wọ́n bá bí, tí wọ́n sì kọ́, mọ̀ pé rárá àkọ́kọ́, ti ìtìjú ni. Àgbàlagbà ò gbọdọ̀ fò mọ́ nǹkan bí ẹni tí ebi ń pa. Wọ́n á bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wàá ní kí wọ́n jẹ́ kí o rò ó. Wọ́n á bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wàá ní, ó dáa, bí ẹ bá ti wí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń ro aṣọ tí màá kó.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Uthman sọ? Ó ní, "Kò burú, Mọ́mì. A ò ní fipá mú yín." Ó wo aago, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn tètè máa lọ kí ilẹ̀ má ṣú bá àwọn lọ́nà. Èkó ti ba ọmọ yẹn jẹ́! Ìyá rẹ̀ wò mí, ó lanu, ọmọ rẹ̀ ti ń kó ẹrù sí mọ́tò, ó sì pa ẹnu dé. Wọ́n tú ọ̀já. Wọ́n gbé ọmọ kúrò lẹ́yìn mi pẹ̀lú oorun. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń juwọ́ títí mọ́tò fi bọ́ sí títì, tó kọrí sí Ìbàdàn.

Mo wọlé. Ẹ̀yìn mi tutù níbi tí ọmọ ti làágùn sí. Abọ́ mẹ́rin wà lórí tábìlì, mo sì jókòó tì wọ́n. Mo bínú sí Uthman. Mo bínú sí Màrdíyyàh tó mọ̀ mí tó sì dákẹ́. Nígbà tó yá, mi ò rí ẹni bínú sí mọ́ àfi ara mi. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Mo tún gbé e. Mo bá ara mi wí pé, Fàòsíyà, bí o ò bá pè, ìgbéraga rẹ ni yóò máa bá ọ jẹun títí wọn ó fi wá sin ọ́.

Mi ò pe ọmọ mi. Ìyá Uthman ni mo pè.

Ó gbé e kíákíá. "Ìyá Màrdíyyàh, a ti dé Ìrókò o. Ṣé kò sí?"

Mò ń gbọ́ igbe Fatihah nínú mọ́tò.

Mo ní, "Ó wà. Ẹ̀yin ará Ìlọrá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ń bẹ àgbà ni?"

  Ni mo bá gbọ́ tó fi igbe bọ ẹnu: "Uthman! Ṣé mi ò sọ fún ọ? Mo ní kí o jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì! Wá ibi yí mọ́tò yìí padà!"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mò ń sunkún, mo sì ń ká aṣọ.